Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé: Bátìrì Ọkọ̀ Nígbà tí A Bá Ń Tún Ètò Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà Ẹ́ńjìnì

Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa fún abala yìí ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mọ̀ sí brain box, tí ó dákẹ́ mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń kọ ètò tuntun sínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni bátìrì máa ń jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Mo fi lẹ́tà tí ó gba àlàyé jù lọ ṣáájú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Mẹkáníìkì ni mí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tí a fi ń kọ ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láti orí laptop. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ oníbàárà kan, mo fi mítà wọn bátìrì rẹ̀, ó fún mi ní fólítì 12.6, mo sì gbà pé ó kún. Nígbà tí iṣẹ́ dé nǹkan bí ìdajì, gbogbo rẹ̀ dúró, laptop ní òun kò rí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì mọ́, ọkọ̀ náà kò sì sítáàtì láti ìgbà náà. Báwo ni bátìrì tí ó kún ṣe lè fa èyí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tí ó dákẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ kì í ṣe ohun kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé.

Òótọ́ ni pé fólítì 12.6 jẹ́ ti bátìrì tí ó kún. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀ tí a fi òjé àti ásíìdì ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fólítì 2.1 wá, àpapọ̀ wọn sì ni 12.6 tí ẹ rí. Tí ó bá wálẹ̀ sí 12.4, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló kù. Tí ó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ló kù. Tí ó bá sì jẹ́ 12.0, ó ti sún mọ́ àtitán. Ṣùgbọ́n ìgbà tí bátìrì ń sinmi, tí ohunkóhun kò fa iná lára rẹ̀, nìkan ni àwọn nọ́ńbà yìí ní ìtumọ̀. Tí ọkọ̀ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà dé tí ẹ sì wọn bátìrì lójú ẹsẹ̀, iná tí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná, ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ṣì wà lórí àwọn àwo òjé, yóò sì gbé nọ́ńbà náà ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi díẹ̀, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Nígbà yẹn ni ẹ óò rí òótọ́ rẹ̀.

Bí nọ́ńbà náà bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò sọ fún yín bí iná tí bátìrì lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó. Agbè kékeré lè kún dẹ́nu bí agbè ńlá, bátìrì tí ó ti dàgbà náà sì lè fi fólítì 12.6 hàn nígbà tí ó bá ń sinmi, síbẹ̀ kí ó má lè gbé iṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí a fi ń dán bátìrì wò lábẹ́ ẹrù. Ẹ̀rọ ìdánwò yóò fa ìdajì iye CCA (iye ampere tí bátìrì lè mú wá láti sítáàtì ọkọ̀ nínú òtútù) tí a kọ sí ara bátìrì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, nínú ojú ọjọ́ tí kò tutù, fólítì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 9.6. Èyí tí ó bá lọ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi kọ ètò sínú ohunkóhun.

Ẹ wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí on láì sítáàtì ẹ́ńjìnì, nítorí náà alternator kò ṣiṣẹ́, ohun gbogbo wá di ẹrù bátìrì nìkan. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì jí, ti jíà jí, ti bíréèkì jí, dáṣíbọ́ọ̀dù tan, àwọn relay, ìyẹn àwọn súwíìṣì tí iná ń tì, sì fà mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì bá ti bọ́ sí ipò ìkọ̀wé tí kò sì bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ mọ́, fáànù rédíétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí tagbáratagbára fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ṣe é pé bí àṣẹ kò bá wá láti òkè, kí ó máa fẹ́ kí ẹ́ńjìnì má bàa gbóná. Iná iwájú náà lè tàn láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Kí ọkọ̀ máa fa ampere 20 ní irú àkókò yìí kì í ṣe ohun ìyanu. Bátìrì tuntun tí ó jẹ́ 60 Ah (ampere lọ́nà wákàtí, ìyẹn iye iná tí ó lè gbà) yóò ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Tí bátìrì náà bá ti gbó débi pé 30 Ah péré ló lè gbà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ti lọ yẹn, fólítì rẹ̀ á sì ti já sísàlẹ̀ tipẹ́ kí wákàtí náà tó pé.

Lọ́jọ́ mìíràn, fólítì tí ó já bẹ́ẹ̀ kò ju kí iná ọkọ̀ ṣú díẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ewu lọ́jọ́ iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe ń kọ ètò náà. Kọ̀ǹpútà kì í kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí. Yóò kọ́kọ́ pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa kọ tuntun ní abala-abala, nígbà tí ó bá sì kọ ọ́ tán ni yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó pé. Nítorí náà, ìgbà kan wà láàárín iṣẹ́ tí ti àná kò sí mọ́, tí ti òní kò sì tíì pé. Bí fólítì bá já ní àkókò yẹn, tí kọ̀ǹpútà náà sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò ní ètò kankan tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ oníbàárà yín nìyẹn, bí bátìrì bá ni ó fà á lóòótọ́.

Nítorí náà, fólítì àkókò iṣẹ́ ni kí ẹ máa wò. Ẹ so mítà mọ́ bátìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ojú yín ti lè tó o pẹ̀lú laptop. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún wọn fólítì nínú ihò OBD, ihò ara ọkọ̀ tí a ń ki wáyà ẹ̀rọ wa bọ̀ láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ihò yìí di dandan, ipò ojú méjì tí a nílò nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì: ojú 16 ni pósítíìfù bátìrì, ojú 4 sì ni irin ara ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà ní on, kí ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Tí bátìrì bá sọ 12.4 tí ihò náà sì sọ 11.7, ìpata wà lórí bátìrì, tàbí wáyà tí ó wọ irin ara ọkọ̀ ti tú, tàbí fíùsì kan kò jókòó dáadáa. Bátìrì tuntun kò lè wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ tú orí bátìrì, ẹ fi búrọ́ṣì onírin nù ún títí òjé rẹ̀ yóò fi dán, kí ẹ tó dè é padà.

Ẹ pa gbogbo ohun tí kò wúlò fún iṣẹ́ náà: rédíò, ẹ̀rọ atẹ́gùn, iná inú ọkọ̀, àti iná iwájú tí ó wà ní auto. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé kí ó má ṣí i.

Ìbéèrè: Ṣájà bátìrì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé n kò lè so ó mọ́ bátìrì nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́, dípò kí n tún ra ẹ̀rọ mìíràn? Ẹnì kan tún sọ pé kí n kàn jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí alternator lè máa fún bátìrì ní iná.

Ìdáhùn: Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ ṣájà ni láti da iná padà sínú bátìrì tí ó ti lọ sílẹ̀, kò sì sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé kí fólítì dúró lójú kan. Èyí tí ó jẹ́ ti ìgbàlódé máa ń gbé fólítì sókè sí 14.4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dá a dúró díẹ̀ láti wo bátìrì, á tún gbé e sókè. Àwọn kan tilẹ̀ ní ipò ìtúnṣe tí ó ń kọjá fólítì 15. Èyí tí kò wọ́n púpọ̀ ní ti rẹ̀ kì í mú iná tí ó dúró wá rárá: iná rẹ̀ ń wárìrì, kọ̀ǹpútà tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lára wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè ka ìwárìrì yẹn sí ọ̀rọ̀ tàbí kí ó pàdánù ọ̀rọ̀ gidi nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ yí mítà sí AC, kí ẹ fi kan orí bátìrì nígbà tí ṣájà náà ń ṣiṣẹ́. Iná tí ó mọ́ kò yẹ kí ó kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì kan níbẹ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ampere. Ṣájà kékeré tí ó ń mú ampere 5 wá kò lè bo ampere 20 tí ọkọ̀ ń fa. Ampere 15 tí ó kù ṣì ń jáde láti inú bátìrì, ẹ̀yin sì ti fọkàn balẹ̀ nítorí pé iná ṣájà ń tàn.

Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yìí nílò ni èyí tí wọ́n ń kọ programming power supply tàbí battery support unit sí lára, tí mo ń pè ní ẹ̀rọ ìgbéró iná. Ẹ̀yin ni ẹ óò yan fólítì tí ẹ fẹ́, yóò sì dúró síbẹ̀ bí ọkọ̀ bá fa ampere 5 tàbí ó fa 40. Láàárín 13 sí 13.8 ni mo fẹ́ kí ẹ fi í sí, àyàfi bí ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà bá sọ ohun mìíràn, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ló ju tèmi lọ. Èyí tí ó lè gbé ampere 50 yóò tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí kọ̀ǹpútà inú wọn pọ̀ lè bèèrè tó 100. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun, ẹ̀rọ yìí ni kí ẹ rà ṣáájú laptop tuntun. Ẹ rántí pé iná mọ̀nàmọ́ná ni òun náà ń lò. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, bátìrì ọkọ̀ nìkan ni yóò gbé iṣẹ́ dé ìparí, nítorí náà kò sí bí ẹ̀rọ yìí ṣe lè rọ́pò bátìrì tí ó dára.

Ní ti pé kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kò ṣeé ṣe: ètò tí ó ń darí ẹ́ńjìnì náà gan-an ni a fẹ́ pa rẹ́. Ẹ má sì yá iná láti ara ọkọ̀ mìíràn tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Fólítì alternator ọkọ̀ yẹn ń gòkè ó ń sọ̀ pẹ̀lú eré ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó sì ní ìwárìrì tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ilé oníbàárà ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí iná mọ̀nàmọ́ná lò níbẹ̀. Ṣé bátìrì kejì lè ràn mí lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ó lè ràn yín lọ́wọ́, bí iṣẹ́ náà bá kúrú, tí ó sì jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kí àwọn méjèèjì jẹ́ oní-fólítì 12, kí ẹ sì ti gba iná sínú wọn dáadáa tẹ́lẹ̀, nítorí bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, iná tí ó yẹ kí ọkọ̀ lò ni yóò máa ṣàn lọ sínú rẹ̀. Wáyà tí ó nípọn ni kí ẹ lò. Ẹ so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ sí on, kí ẹ so négátíìfù bátìrì kejì mọ́ irin ara ọkọ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí bátìrì, nítorí gáàsì háídírójìn tí ń jáde lára bátìrì lè gbiná bí wáyà bá ta pàrà. Bí wọ́n bá sì ti so wọ́n pọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ tú wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ṣùgbọ́n bátìrì méjì tí ó wà ní 12.6 kò lè fún yín ní 13.5. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún yín ni pé fólítì kò ní í tètè já, ó ṣì ń já. Iṣẹ́ tí yóò gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún oníbàárà pé kí ó gbé ọkọ̀ wá síbi tí iná wà.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ti dúró láàárín, mítà sì ń fi 11.6 hàn mí. Oníbàárà dúró tì mí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ má tú bátìrì. Ẹ má yọ wáyà kúrò nínú ihò OBD. Àwọn ohun mẹ́ta tí ọwọ́ ẹni máa ń yára lọ síbẹ̀ nìyẹn, àwọn ló sì máa ń sọ ohun tí ó ṣeé tún ṣe di wàhálà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé fólítì sókè. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí mo dárúkọ lókè, ẹ pa á kí ẹ tó so ó mọ́ bátìrì, kí ẹ tó wá tan án, kí ó má bàa ta iná. Nígbà tí mítà bá dúró lókè 13, ẹ wo laptop yín: ṣé ó ti sùn ni, ṣé wáyà USB rẹ̀ ti tú, àbí sọ́fítíwíà tuntun ló ń wọlé sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Laptop ti da irú iṣẹ́ yìí rú ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru bátìrì. Ó yẹ kí òun náà wà lórí iná tirẹ̀, kí ẹ ti ètò oorun rẹ̀ pa, kí ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ yín dípò aláìlówáyà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, ètò kékeré kan wà ní àyè tirẹ̀ tí a kì í pa rẹ́ pẹ̀lú èyí tí ó tóbi; òun ló ń jí kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń dúró de ètò tuntun. Bí èyí bá ṣì wà, laptop lè tún bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ sítáàtì, púpọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà sì ní àyè ìmúpadàbọ̀sípò fún irú èyí. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ gbìyànjú èyí kí ẹ tó sọ̀rètí nù, bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà. Bí kò bá dáhùn rárá, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà lọ fún ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń tú u, tí yóò kọ ètò sínú rẹ̀ tààrà lórí tábìlì. Ríra òmíràn ló kẹ́yìn, nítorí òmíràn náà nílò kí a kọ ètò sínú rẹ̀, kí a sì mú un mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi máa ń pa ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ bí mo bá dúró níbi iná ojú ọ̀nà. Rewáyà mi sọ pé kò yẹ kí a so nǹkan mọ́ orí négátíìfù bátìrì rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ. Irú ọkọ̀ yìí sábà máa ń ní ẹ̀rọ kékeré kan lórí négátíìfù tí ó ń ka iye iná tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ ìgbéró iná mọ́ orí négátíìfù gan-an, ẹ ti gba ẹ̀yìn òǹkà yìí kọjá, ọkọ̀ á sì máa rò pé bátìrì wà ní ipò tí kò sí. Irin ara ọkọ̀, tàbí ibi tí ìwé ọkọ̀ bá tọ́ka sí, ni kí ẹ so ó mọ́.

Mo fi kún un fún àwọn tí ó ní ọkọ̀ hybrid, tí ó ń lo ẹ́ńjìnì àti mọ́tò oníná pọ̀: bátìrì ńlá tí ó ń wa ọkọ̀ kọ́ ló ń fún kọ̀ǹpútà ní iná nígbà iṣẹ́ yìí, bátìrì fólítì 12 kékeré ni. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bátìrì kékeré yìí kì í yí ẹ́ńjìnì, nítorí náà ó lè ti kú tán kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ tó mọ̀. Ẹ dán an wò dáadáa.

Ìbéèrè: Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mi nílò ètò tuntun. Kí ni kí n bi ẹni tí yóò ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ bi í ní ohun tí yóò so mọ́ bátìrì yín nígbà iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi hàn yín. Ẹ bi í bóyá yóò dán bátìrì náà wò lábẹ́ ẹrù ṣáájú. Bí ó bá sọ pé bátìrì ti rẹ̀, ẹ rà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè ka ètò tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí, kí ó pa á mọ́ síbìkan, kí ó tó pa á rẹ́.

Ẹ sì bi í ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò sọ fún yín pé òun yóò pa kọ́kọ́rọ́, òun yóò sì fi ẹ̀rọ ìgbéró iná sílẹ̀ lára bátìrì títí gbogbo kọ̀ǹpútà yóò fi sùn, kí ó tó tú u. Pé òun yóò nu àwọn kóòdù àṣìṣe tí ó ṣẹ́yọ nígbà iṣẹ́, òun yóò sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tún kọ́ bí ó ṣe ń dúró sójú kan láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé òun kì í so nǹkankan mọ́ bátìrì, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.